Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin ọ̀gá aránṣọ Àjàṣẹ́: ẹ jẹ́ ká kọ́ ọmọṣẹ́ wa ní ọjọ́ dídá

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin ìyá àti bàbá aránṣọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), láti Ouando títí dé Attakè, láti Ọ̀gánlá títí dé etí ọ̀sà, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ọnà. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ara yín ni mo jẹ́: abẹ́rẹ́ ni mo fi ń jẹun, mo sì ní àtẹ̀líyè, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, kékeré tèmi. Àbúrò ni mo jẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú yín, ìdí nìyí tí mo fi ń tọrọ gáfárà kí n tó sọ̀rọ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún. Bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ wa ní aṣọ gígé àti aṣọ rírán, ẹ jẹ́ ká máa kọ́ wọn ní ọjọ́ dídá pẹ̀lú.

Ẹ wo bí ọmọ ṣe ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Yóò gbálẹ̀, yóò mọ bí wọ́n ṣe ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́, yóò jókòó ti bọ́tìnnì àti etí aṣọ kíká fún ìgbà pípẹ́, kí a tó gbé e sórí màṣíìnì, kí a tó wá fa sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ ló ní ọjọ́ tí à ń fi í hàn án. Bó bá gé apá aṣọ kọjá ibi tó yẹ, a ó bá a wí, a ó tún fi hàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi han ọmọ bí a ṣe ń mọ ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí? Etí lásán ló fi ń kọ́ ọ. Ó ń gbọ́ tí ọ̀gá ń sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ wá gbà á ní Jímọ́ọ̀," ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀, nítorí òun ló jókòó ti aṣọ náà, pé sísọ́ọ̀sì ò tíì kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe gba dìpúlómù, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe ṣílẹ̀kùn tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni òun náà yóò sì máa sọ fún àwọn ènìyàn.

Èmi ò gbà pé a mọ̀ọ́mọ̀ ń purọ́. Ojú oníbàárà ni a fi ń dá ọjọ́, ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Ìyá kan wọlé, ó gbé léèsì lé orí tábìlì, ó ní ìgbéyàwó ọmọ òun ni. Inú rẹ̀ ń dùn, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ta ló fẹ́ bà á nínú jẹ́? Àfáǹsì, owó àsansílẹ̀, sì wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, owó ilé àti owó iná ń dúró dè wá. Ọjọ́ tó bá wù ú ni ẹnu wa máa ń sọ jáde. A ò bojú wo ẹ̀yìn láti ka aṣọ tó ti wà nílẹ̀.

Gbogbo ìlú ló ti mọ èyí nípa wa, wọ́n sì ti wá ọgbọ́n sí i. Ẹni tó fẹ́ lo aṣọ ní Jímọ́ọ̀ yóò sọ fún wa pé Àlàrùbá ni. Àwa náà mọ̀ pé ó yọ ọjọ́ díẹ̀ kúrò, nítorí náà a kì í ka Àlàrùbá rẹ̀ sí. Ẹ rò ó wò: bí gbogbo aṣọ tó wà lórí ìkọ́ bá jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n dá fún un kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀, báwo ni ọ̀gá ṣe fẹ́ mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde? Kò lè mọ̀. Ẹni tó bá pariwo jù ni yóò rán tirẹ̀, ẹni tó bá wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí ò lọ. Obìnrin jẹ́jẹ́ tó gbé aṣọ sílẹ̀, tó sọ ọjọ́ tòótọ́, tó sì lọ ilé lọ dúró, òun ni tirẹ̀ ń wà nísàlẹ̀ àpò. Ẹni tó fọkàn tán wa jù lọ ni à ń fìyà jẹ jù lọ. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ má rò pé aránṣọ nìkan ni èyí ń ṣe. Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní ọdún 1979. Wọ́n ní bí ènìyàn bá fẹ́ sọ ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò gbà, iṣẹ́ náà nìkan ló máa ń wò, bí yóò ṣe lọ geerege, kì í rántí bí irú rẹ̀ tó ti ṣe sẹ́yìn ṣe lọ. Ní ọdún 1994, Roger Buehler àti àwọn méjì mìíràn bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń kọ ìwé àṣekágbá léèrè pé ọjọ́ mélòó ni yóò gbà wọ́n. Ìdáhùn wọn, tí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 34. Wọ́n tún bi wọ́n pé bí gbogbo nǹkan bá dàrú ńkọ́? Wọ́n ní nǹkan bí ọjọ́ 49. Ó sì gbà wọ́n tó ọjọ́ 55 àti ààbọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ó kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìdàrúdàpọ̀ pàápàá. Àwọn tó mọ̀wé nìyẹn o. Oògùn tí Kahneman àti Tversky sọ kò ṣòro: má wo iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ nìkan, wo iye ìgbà tí àwọn irú rẹ̀ gbà ọ́ rí.

Àmọ́ bí a ò bá kọ ọ́ sílẹ̀ ńkọ́, kí la fẹ́ wò?

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ọmọṣẹ́ máa kọ aago sílẹ̀. Bí ẹ bá bi aránṣọ pé wákàtí mélòó ni bùbá àti ìró ń gbà, yóò ní wákàtí méjì. Òótọ́ ni, bí aṣọ bá ti wà ní gígé, tí òwú ò já, tí iná ò lọ, tí ẹnikẹ́ni ò wọlé wá kí i. Ṣùgbọ́n ta ló ka ìgbà tí a fi yan mòdẹ́ẹ̀lì lórí fóònù? Ta ló ka gígé, etí aṣọ dídi, síìpù, ojú bọ́tìnnì, àyọ́ọ̀nù, àti ọjọ́ tí oníbàárà wá wọ̀ ọ́ wò tó ní ẹ fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ lábíyá? Kí ọmọṣẹ́ kọ aago tí a bẹ̀rẹ̀ ìkọ̀ọ̀kan àti aago tí a parí rẹ̀, fún oríṣi aṣọ kọ̀ọ̀kan. Láàárín oṣù kan sí méjì, àtẹ̀líyè yóò ní òǹkà tirẹ̀, tí kì í ṣe àròsọ.

Ẹ jẹ́ ká ní òǹkà náà fi hàn pé wákàtí 4 ni odindi aṣọ kan ń gbà, ọwọ́ 2 ló sì ń rán, ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ àgbà. A ṣílẹ̀kùn ní aago mẹ́jọ àárọ̀, a tì í ní aago méje alẹ́. Wákàtí 11 nìyẹn lójú. Yọ oúnjẹ, yọ ìrun, yọ àwọn tó wá wọn ara, yọ òwú tí a lọ rà, yọ ìgbà tí iná lọ. Bí wákàtí 6 bá kù fún màṣíìnì, ẹ dúpẹ́. Ọwọ́ 2, wákàtí 6 lójúmọ́, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀: 72. Tí a bá pín in sí 4, aṣọ 18 ni àtẹ̀líyè yìí lè jáde lọ́sẹ̀ kan. Bó bá gba 30, aṣọ 12 ni kò ní ilé, wákàtí 48 sì ni iṣẹ́ wọn. Orí òru ni yóò bọ́ sí. Ẹ sì mọ ohun tí òru ń ṣe sí aṣọ: apá ọ̀tún yóò lọ sí òsì, ilẹ̀ yóò mọ́, ìtú ni a ó fi gbogbo àárọ̀ tú ohun tí a fi gbogbo òru rán. Ojú ọmọ ẹlòmíràn ni a sì ń bàjẹ́ nídìí rẹ̀ lábẹ́ iná tí kò mọ́lẹ̀ tó.

Nípa kàyé, ìyẹn ìwé tí a ń kọ iṣẹ́ sí, ẹyọ kan ṣoṣo ni kó jẹ́. Mo mọ àwọn àtẹ̀líyè tí òmíràn wà lórí WhatsApp, òmíràn lára ògiri, òmíràn nínú orí ọ̀gá. Èyí tó wà nínú orí yẹn ló burú jù, nítorí bí ọ̀gá bá ṣàìsàn, àtẹ̀líyè ti kú nìyẹn. Orúkọ, oríṣi aṣọ, wákàtí tí yóò gbà, ọjọ́ tí oníbàárà nílò rẹ̀ gan-an, ohun tí yóò lò ó fún, ọjọ́ tí a dá, ọjọ́ tó jáde. Ìlà kan fún aṣọ kan. Ẹ má fojú kékeré wo "ohun tí yóò lò ó fún" o. Aṣọ tí a fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìkómọ ní ọjọ́ kẹjọ kò ṣeé sún, aṣọ tí a kàn fẹ́ kó wà nínú àpótí ṣeé sún. Kí ẹnu má dá ọjọ́ kankan tí ojú ò bá tíì wo kàyé. Ó tún ní àǹfààní mìíràn tí ara yóò mọ̀. Ní ọdún 2011, Masicampo àti Baumeister rí i pé iṣẹ́ tí a ò tíì parí máa ń dí ọkàn lọ́wọ́ lórí nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti pinnu ìgbà àti ọ̀nà tí yóò gbà ṣe é ní pàtó, ọkàn yóò fi í sílẹ̀. Ọ̀gá tó máa ń ta jí lóru nítorí aṣọ ènìyàn, kàyé lè jẹ́ kó sùn.

Ẹlòmíràn yóò ní ọmọṣẹ́ òun kò kàwé. Kò dí i lọ́wọ́. Ẹ so òwú mọ́ aṣọ: funfun fún ọ̀sẹ̀ yìí, pupa fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, dúdú fún èyí tó tẹ̀ lé e. Ọmọ tí kò mọ álífábẹ́ẹ̀tì mọ àwọ̀ òwú ju ẹnikẹ́ni lọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa rán wa létí.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀, ìyẹn ni kí a máa gé gbogbo aṣọ tán kí a tó rán ọ̀kankan. A máa ń ṣe é kí oníbàárà bá aṣọ rẹ̀ ní gígé bó bá dé, kó lè fọkàn balẹ̀. Ohun tó ń fà ni pé aṣọ ogún yóò wà ní ìdajì, kò sí èyí tó ṣeé wọ̀, a ò sì lè gba ìyókù owó lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ilé iṣẹ́ Toyota ní Jàpáánì yanjú irú èyí pẹ̀lú káàdì lásán. Taiichi Ohno ló wà nídìí rẹ̀: apá kan kò gbọdọ̀ ṣe nǹkan jáde àfi bí káàdì bá ti ọ̀dọ̀ apá tó kàn wá pé àwọn ti lo èyí tó wà nílẹ̀. Tiwa kò ju káàdì páálí márùn-ún lọ. Aṣọ tí a bá ti gé gba káàdì kan. Bí káàdì bá tán, sísọ́ọ̀sì dúró, àfi kí aṣọ kan jáde kúrò lórí àyọ́ọ̀nù kó dá káàdì rẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ kí ọmọṣẹ́ ni olùtọ́jú káàdì, kó ní ẹnu láti sọ fún ọ̀gá pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, káàdì ti tán."

Àwọn tó ń wọlé lójijì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí a máa gé aṣọ láàárọ̀ kùtùkùtù nígbà tí ara mókun, kí a kọ wákàtí tí a ń gbàlejò sára ilẹ̀kùn, kí fóònù wà lọ́wọ́ ẹnì kan péré. Kí a rán gbogbo èyí tó gba òwú àwọ̀ kan náà tẹ̀ léra. Ẹ mọ ìwọ̀nyí jù mí lọ.

Ọ̀rọ̀ òkú ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí Àjàṣẹ́ ni a wà. Òkú kì í dájọ́ fún aránṣọ. Bàbá kan yóò papò dà, kí ilẹ̀ tó ṣú ẹbí ti mú àǹkárá wá fún àwọn ọmọ, àwọn ìyàwó ilé àti àna. A ò lè lé wọn, a ò sì gbọdọ̀ lé wọn. Ohun tí à ń ṣe báyìí ni pé a máa tì aṣọ gbogbo ènìyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà a óò sọ pé òkú ló fà á. Ṣùgbọ́n bí a ò bá mọ òkú wo ni, a mọ̀ pé kò sí oṣù tí òkú kan kì í wá. Nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Nínú àtẹ̀líyè aṣọ 18 tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ, kí a má gbà ju 14 lọ nínú kàyé. Àyè mẹ́rin yòókù, ti òkú ni, ti àìsàn ọmọṣẹ́, ti iná tó lọ. Bí ọ̀sẹ̀ bá lọ láìsí ọ̀kan nínú wọn, a ó mú aṣọ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ síwájú, oníbàárà kan yóò gba ìpè pé aṣọ rẹ̀ ti tètè jáde. Ìgbà mélòó ni aránṣọ ń pe ènìyàn fún irú ìyẹn ní ìlú yìí?

Àwọn ìkún-omi iṣẹ́ yòókù kì í ṣe ohun tó ń bá wa lójijì, bí a tilẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé ó bá wa lójijì. Oṣù kẹsàn-án ni àwọn ọmọ ń padà sí ilé ẹ̀kọ́, káákì yóò dé ní òkìtì. Kérésì ò yí ọjọ́ padà rí. Ọdún ìṣẹ̀ṣe wà níbẹ̀ ní oṣù kìíní lọ́dọọdún. Iléyá ló ń rìn, nítorí òṣùpá la fi ń ka ọdún ẹ̀sìn, ó sì máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣáájú ti èṣí, ẹni tó bá ní kàlẹ́ńdà lè fa ìlà sí i láti ọdún tó kọjá. Ọjà Àjàrá pàápàá, tó ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, ní ètò: bó bá bọ́ sí Sátidé lónìí, lẹ́yìn ọjọ́ 28 yóò tún bọ́ sí Sátidé. Àwọn baba wa fi ọjọ́ ọjà dá àdéhùn láìsí ìwé, wọn kì í sì yẹ̀ ẹ́. Kí ọmọṣẹ́ ya gbogbo wọn sórí páálí kan, kó gbé e kọ́ sí ògiri, kó sì kọ ọ̀sẹ̀ tí a ó dẹ́kun gbígba aṣọ ṣáájú ọdún kọ̀ọ̀kan. Kí oníbàárà náà máa rí i bó bá wọlé.

Ó ku "rárá". Mo mọ̀ pé ó le lẹ́nu wa, pàápàá fún àgbàlagbà. Àwọn kan yóò ní oníbàárà yóò bínú lọ. Òmíràn yóò lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí tó dára nínú méjèèjì: kó bínú lónìí nígbà tí àyè ṣì wà fún un láti wá ẹlòmíràn, tàbí kó sunkún lẹ́nu ọ̀nà wa láàárọ̀ ọjọ́ ìyàwó? Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ wà tí a lè fi kọ́ ọmọ: "Ìyá mi, ẹ ṣé tí ẹ rántí wa. Kàyé wa ti kún títí di Àlàmísì tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún. Bó bá lè dúró di ìgbà yẹn, mo fọwọ́ sọ̀yà. Bí kò bá lè dúró, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní òpópónà kejì, àyè wà lọ́dọ̀ wọn." Ibi tí ẹgbẹ́ wa ti wúlò nìyẹn. Bí àwa mẹ́wàá ní àdúgbò kan bá ń mọ ẹni tí àyè wà lọ́dọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ kò ní máa pọ̀ pa ẹnì kan kí ẹlòmíràn jókòó máa lé eṣinṣin.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ohun tí mo ń béèrè nìyí ní pàtó. Ìdánwò CQM, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba, wà fún àwọn ọmọ wa ní òpin ẹ̀kọ́ṣẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n sì ń wò níbẹ̀ jù lọ. Èyí tí mo ń sọ yìí kò dúró de ìjọba, àwa fúnra wa lè ṣe é. Kí a fẹnu kò pé ní oṣù mẹ́fà tó gbẹ̀yìn, ọmọṣẹ́ tó fẹ́ gbòmìnira ni yóò di kàyé àtẹ̀líyè mú. Òun ni yóò máa dá ọjọ́ fún oníbàárà, ọ̀gá yóò jókòó tì í, yóò tọ́ ọ sọ́nà, ọ̀gá pàápàá kò sì ní dá ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ wa, kí ọ̀gá méjì láti àtẹ̀líyè mìíràn ṣí kàyé náà, kí wọ́n fi ọjọ́ tó dá wé ọjọ́ tí aṣọ jáde, ìlà lórí ìlà. Ibi tó bá ti yẹ̀, kí wọ́n bi í pé kí ló fà á, kó ṣàlàyé. Bí aṣọ tó yẹ̀ bá pọ̀ ju èyí tó pé lọ, kó lo oṣù díẹ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń dá ọmọ tí gígé rẹ̀ kò tíì gún dúró.

Mo ti fa ìlà sínú kàyé kan, mo kọ orí ọ̀rọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá àti Faransé, mo sì gé káàdì márùn-ún mọ́ ọn. Màá gbé e wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ fún mi láàyè ìwọ̀nba ìṣẹ́jú kí n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí ẹ wò ó, kí ẹ tún ibi tó bá wọ́ ṣe, ẹni tó bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọṣẹ́ kan péré, kó mú tirẹ̀ lọ.

Èmi ni àbúrò yín,
aránṣọ kan ní Àjàṣẹ́